Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì Í Ṣe Mímì fún Adìẹ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Sẹ́ńtà Tí Wọ́n Ní Ẹ Kò Ga Tó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá a ní Rowe Park ní Yábàá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní pápá ilé-ìwé ní Ìbàdàn àti Ìlọrin, títí kan ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston: "Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7 ni mo ga. Abẹ́ irin ni mo ti mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá. Ṣé mo lè fi ipò sẹ́ńtà jẹun?" Ládùúgbò ẹni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀, òun ló ga jù, bó bá fẹ́ wọ dánfó, àfi kó tẹ̀ ba. Lọ́jọ́ tó bá dé àárín àwọn tó ń gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n á ní kúkúrú ni.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe é wà, orúkọ wọn ò sì lè parẹ́ nínú ìtàn eré yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe é nípa fífara wé ẹni gíga. Kálukú wọn ló mú nǹkan kan dání tí àwọn gìrìwò tó ń kojú wọn kò ní. Ohun tí ìwọ náà máa mú dání ni kó o bẹ̀rẹ̀ sí í wá báyìí, kì í ṣe íǹṣì méjì tí Ọlọ́run ò fi kún un. Ẹ fetí sí ìmọ̀ràn mẹ́sàn-án yìí.

1. Mọ bí o ṣe ga gan-an, má sì purọ́ lé e.

Bọ́ bàtà, dúró ti ògiri, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́. Iye tó bá jáde ni tìrẹ. Ó pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA pàápàá ti ń fi bàtà kún gíga agbábọ́ọ̀lù wọn. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé mọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 7 ni wọ́n kọ fún un, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun ò ga tó bẹ́ẹ̀. Ben Wallace ti Detroit, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni wọ́n kọ fún òun náà; kò tó o. Nígbà tó di ọdún 2019, NBA pàṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ wọn àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn láìwọ bàtà, kí wọ́n sì fi iye gidi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, àyè irọ́ ti fún pinpin.

Irọ́ ọjọ́ orí ló tún burú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ kí àwọn òyìnbó lè rí ọ bí ọmọdé, sá fún un. Ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé àti ìwé ìbí rẹ yóò pàdé lórí tábìlì kan náà lọ́jọ́ kan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

2. Wọn apá rẹ pẹ̀lú.

Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni irin àwọ̀n fi ga sílẹ̀, ọwọ́ la sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kì í ṣe orí. Na apá rẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́ láti ìka àárín ti ọ̀tún dé ti òsì. Lẹ́yìn náà, dúró láìgbé gìgísẹ̀, na ọwọ́ kan sókè lára ògiri, kí wọ́n fi ẹfun sàmì síbi tó bá dé. Àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù kì í fi iye méjèèjì yìí ṣeré.

Draymond Green ti Golden State kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6 lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tó bá nà án gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Nínú dráfùtì ọdún 2012, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń yan ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni 34 ni wọ́n yàn kó tó kàn án. Nínú àṣekágbá ọdún 2015, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sípò sẹ́ńtà, wọ́n sì gba ife. Lọ́dún 2017, wọ́n ní òun ló mọ ìdènà jù lọ nínú gbogbo NBA.

Bí o bá kúrú, tí apá rẹ náà sì kúrú, sọ òótọ́ fún ara rẹ kó tó pẹ́, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ipò mìíràn. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ẹ̀gàn wà nínú kí èèyàn di ọmọ ọdún 24 kó tó mọ̀.

3. Ìtẹ́lẹ̀ ara rẹ ni agbára rẹ wà: itan, orúnkún, ìbàdí.

Ẹ wá àwòrán àṣekágbá ọdún 2004 wò, Detroit àti Los Angeles Lakers. Shaquille O'Neal, sẹ́ńtà Lakers, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 1, ó wúwo ju kílò 140 lọ. Ẹni tó dúró tì í ni Ben Wallace tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Wallace kò bá a du òkè. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ O'Neal ló ti tẹ orúnkún, ló ti ki ìbàdí rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀, tó ń tì í kúrò lójú ibi tó fẹ́ fìdí múlẹ̀ sí, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì. Ìṣísẹ̀ méjì yẹn ló ń sọ bọ́ọ̀lù ìrọ̀rùn di bọ́ọ̀lù ìnira.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. O'Neal ṣì ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí a bá pín in dọ́gba sórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márààrún, ó lé ní póìntì 26 tó ń jẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè ohun tí Wallace ṣe wà níbòmíràn: nítorí pé òun nìkan lè dúró tì í, àwọn ará Detroit yòókù kò ní láti pa àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tì láti wá ràn án lọ́wọ́. Kobe Bryant ti Lakers wá àyè títí, kò rí i. Detroit gba ife, 4 sí 1. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún tó kádìí ẹ̀, Wallace jẹ póìntì 18, ó sì gba rìbáùndì 22. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ kan tó yan ọkùnrin yìí nínú dráfùtì ọdún 1996. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi í jẹ ọ̀gá àwọn adènà, orúkọ rẹ̀ sì wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí lọ́dún 2021.

Nítorí náà, gbé irin, kí o sì máa fi itan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dúró tì ọ́. Orúnkún tó bá bàjẹ́ lọ́mọ ọdún 17 ṣòro láti tún ṣe.

4. Fi ojú gba rìbáùndì kí ọwọ́ rẹ tó gbà á.

Bọ́ọ̀lù tó bá já létí irin kì í já lásán. Èyí tí wọ́n bá jù láti igun òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló sábà máa ń bọ́ sí. Èyí tí wọ́n bá jù láti òkèèrè máa ń ta jìnnà. Èyí tí wọ́n bá jù nítòsí kì í rìn jìnnà. Dennis Rodman kì í ṣe sẹ́ńtà gidi, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7 lọ, síbẹ̀ sáà méje tẹ̀ léra, láti 1992 dé 1998, kò sẹ́ni tó gba rìbáùndì tó o ní NBA. Ó máa ń dúró wo bí bọ́ọ̀lù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń yí lófuurufú nígbà ìdánrawò, títí tó fi mọ ibi tí ti oníkálukú máa ń já sí.

Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ń dá jù ú lẹ́yìn ìdánrawò, má lọ sílé. Dúró sábẹ́ irin, kí o máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kó tó bọ́. Lọ́jọ́ ìdíje, kọ́kọ́ wá ara alátakò rẹ, kọ ẹ̀yìn sí i, dí i lọ́nà, kí o tó wojú òkè. Ẹni tó ga tí wọ́n ti dí mọ́ ẹ̀yìn, gíga rẹ̀ kò wúlò fún un.

5. Kọ́ bí a ṣe ń pín bọ́ọ̀lù.

Wes Unseld, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7, ni Baltimore Bullets yàn ṣìkejì lọ́dún 1968. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì tún fún un ní ti ẹni tó peregedé jù lọ nínú gbogbo NBA. Títí dòní, òun àti Wilt Chamberlain nìkan ló ti gba méjèèjì pa pọ̀. Kí ni Unseld ní? Bó bá ti gba rìbáùndì, kì í gbá a mọ́lẹ̀ rárá. Á gbé e sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á sì ta á kọjá ìlà àárín pápá sọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ń sáré lọ. Kí àwọn gíga ikọ̀ kejì tó yíjú padà, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Lọ́dún 1978, ó bá Bullets gba ife.

Green náà ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Bí alátakò méjì bá kọlu Stephen Curry, Curry á ju bọ́ọ̀lù sí Green láàárín. Àwọn mẹ́rin dojú kọ mẹ́ta nìyẹn. Green ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo láti yàn: kó máa lọ sábẹ́ irin, kó jù ú sókè fún ẹni tó ń fò bọ̀, tàbí kó tì í sí igun. Sẹ́ńtà kúkúrú tó bá lè yàn dáadáa ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ikọ̀ á nílò rẹ̀. Èyí tí kò bá lè yàn, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

6. Kọ́ bí a ṣe ń jù ú láti òkèèrè, kí o sì mọ òfin ibi tí o ti ń gbá a.

Ní NBA, adènà kò gbọ́dọ̀ dúró sínú àpótí abẹ́ irin ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ nítòsí. Òfin FIBA, èyí tí à ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà, ní gbogbo Áfíríkà àti ní Yúróòpù, kò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún adènà. Ẹni gíga lè dúró síbẹ̀ bó ṣe wù ú, kó máa retí rẹ. Bí o bá ń yọ́ wọlé lọ bá a lójoojúmọ́, á máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ dànù lójoojúmọ́ ni. Ohun tó lè fà á jáde ni kí o máa jù ú sáwọ̀n láti ọ̀ọ́kán, tàbí láti ẹ̀yìn ìlà póìntì mẹ́ta.

Má sọ pé ó ti pẹ́ jù fún ọ. Al Horford, tó jẹ́ sẹ́ńtà, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní NBA láìjẹ́ pé ó ń ju ti póìntì mẹ́ta déédéé. Nígbà tó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 30 ló fi í kún eré rẹ̀. Ó bá Boston gba ife lọ́dún 2024, lọ́mọ ọdún 38.

7. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yá, kí o lè dúró ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ọlájùwọ́n. Kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló ń gbá l'Ékòó. Gólì ló máa ń mú. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń yí bírí. Ẹsẹ̀ yẹn ló bá a dé Houston, ló fi gba ife 1994 àti 1995, ló fi dí bọ́ọ̀lù 3,830 lọ́wọ́ alátakò, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá a dé ní NBA. Nítorí náà, má fi eré kan ṣoṣo sé ara rẹ mọ́lé nígbà èwe. Gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Fo okùn. Sáré.

Èso ẹsẹ̀ yíyá hàn lára Fẹ́mi Adébáyọ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bam. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni, èyí tí kò pọ̀ fún sẹ́ńtà. Lóṣù September ọdún 2020, Miami ń bá Boston figagbága, àkókò àfikún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Miami fi póìntì 2 ṣíwájú. Jayson Tatum gba ẹ̀gbẹ́ kan sáré, ó fò, ó fẹ́ fi ọwọ́ rì í mọ́ inú irin. Adébáyọ̀ ti ibi tó wà sún wá, ó fi ọwọ́ òsì pàdé bọ́ọ̀lù náà lókè, kò sì jẹ́ kó kọjá. Miami borí, 117 sí 114. Kì í ṣe àkókò yẹn nìkan. Adébáyọ̀ lè ṣọ́ sẹ́ńtà, ó lè ṣọ́ àwọn tínínrín tó ń sáré bí ehoro, ìyẹn ni Amẹ́ríkà ṣe mú un lọ sí Òlíńpíìkì ẹ̀ẹ̀mejì, tó fi wúrà méjì délé.

8. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Oscar Tshiebwe, sẹ́ńtà ọmọ Lubumbashi ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, ni wọ́n ní ó peregedé jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022. Rìbáùndì 15 ló ń gbà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún Yunifásítì Kentucky. Nígbà tí dráfùtì 2023 dé, kò sí ẹgbẹ́ tó pè é. Àdéhùn kékeré ló fi wọlé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé jíjẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí fún sẹ́ńtà tí kò ga.

Ṣùgbọ́n ẹ wo P.J. Tucker, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 5 péré. Toronto yàn án lọ́dún 2006, wọn ò sì lò ó pẹ́. Ó lọ sí Ísírẹ́lì, Ukraine, Gíríìsì, Ítálì àti Jámánì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ọdún 2012 ló tó padà sí NBA. Nígbà tó di 2020, Houston ta sẹ́ńtà wọn gíga, wọ́n fi Tucker sípò náà. Lakers na Houston 4 sí 1, torí kíkúrú gbogbo ikọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní àbùkù tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tucker bá Milwaukee gba ife.

Líìgì Áfíríkà náà, BAL, ti wà láti 2021, Rivers Hoopers ti Port Harcourt sì ṣe ipò kẹta níbẹ̀ lọ́dún 2024. Owó ń bẹ ní Íjíbítì, ní Tùnísíà, ní Àǹgólà. NBA nìkan kọ́ ni iṣẹ́.

9. Ìwé rẹ, owó rẹ, orúkọ rẹ: ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan ń rìn ká pápá ìṣeré wa pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Wọ́n á ní àwọn mọ èèyàn ní Amẹ́ríkà, kí bàbá rẹ ta ilẹ̀, kí ìyá rẹ dá owó físà sílẹ̀. Mo ti rí ìdílé tó ta ilẹ̀ tí ọmọ wọn ò kọjá pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Àṣojú tòótọ́ máa ń gba owó tirẹ̀ lára owó tí o bá pa ni. Kì í gbà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ ọ á kọ lẹ́tà tí òbí rẹ lè fi pe ilé-ìwé náà fúnra wọn.

Kàwé pẹ̀lú. Yunifásítì Houston ni Ọlájùwọ́n kọ́kọ́ lọ kí owó bọ́ọ̀lù tó dé. Sẹ́ńtà tí kò ga tó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ nígbà tí ikọ̀ bá kún; kí ó ní ohun tó máa ṣe.

Ẹ̀yin kóòṣì àti òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ọmọ ọdún 12 tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má so ó mọ́ abẹ́ irin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dàgbà bá a, kí wọ́n kọjá rẹ̀, kó wá di ẹni tí kò mọ̀ ju kó na ọwọ́ sókè lọ. Ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kó pín in, kó jù ú láti òkèèrè. Bó bá wá kúrú lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣófo.

Èyí ni ìdájọ́ mi. Àwọn gíga ṣì ni olórí ipò yìí: láti 2021 dé 2024, Nikola Jokic àti Joel Embiid, tí kò sí èyí tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11 nínú wọn, ló pín àmì-ẹ̀yẹ NBA tó ga jù láàárín ara wọn. Kúkúrú lè ṣe sẹ́ńtà, bí apá rẹ̀ bá gùn, bí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá lágbára, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, bó bá mọ bọ́ọ̀lù pín, tó sì lè jù ú láti òkèèrè. Bí o bá ní mẹ́rin nínú márùn-ún yìí, tẹ̀ síwájú láìbẹ̀rù. Bí o bá ní méjì péré, kọ́ ipò mìíràn láti òní lọ. Lọ bá kóòṣì rẹ, kí ẹ jọ ka márùn-ún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó má tàn ọ́.